Ọjọ́ Mẹ́ta ní Lisbon Pẹ̀lú Amọ̀nà: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Dé àti Èyí Tí Ẹ Lè Fò

Wọ́n ní òkè méje ni Lisbon jókòó lé, ẹni tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ rìn ín kò ní bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, àárín olú ìlú Pọ́túgàl yìí kò tóbi. Láti etí odò Tejo dé ilé olódi tó wà lókè téńté, ìrìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ni, bí ẹ kò bá dúró wo ohunkóhun. Ẹ ó sì dúró. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó ìlú palẹ̀ wà nínú ìtàn ibẹ̀, ọba tí wọ́n yìnbọn pa ní gbangba wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba afipáṣe tí àwọn sọ́jà lé lọ pẹ̀lú òdòdó lẹ́nu ìbọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó wá lẹ́rú náà wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn amọ̀nà kan máa ń fo ìyẹn bí ẹni fo gọ́tà.

Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo kọ èyí fún, ìbáà jẹ́ Èkó ló ti ń bọ̀ tàbí London. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba amọ̀nà méjì. Èkíní yóò fi ìlú hàn yín, èkejì yóò fi Áfíríkà tó wà nínú ìlú náà hàn yín. Ọjọ́ kẹta, ẹ dá rìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìwé ìrìnnà àti àsìkò

Ẹni tó ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé tàbí Manchester. Wọ́n máa ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn rárá, torí pé bí ìgbà ooru àwọn òyìnbó bá ti ń sún mọ́lé ni àyè àtifi ìwé sílẹ̀ ń di ọ̀wọ́n. Yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún yín. Ẹ ó nílò ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò tó lè san yúrò 30,000 ó kéré tán, páspọ́ọ̀tù tí yóò ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lọ́hùn-ún, ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn àti bàálù tí ẹ ó wọ̀, àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Kí gbogbo ìwé náà sọ ìtàn kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fẹ́ lò, kí ìwé òtẹ́ẹ̀lì má sọ pé mẹ́wàá.

Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Britain, Amẹ́ríkà tàbí Brazil kò nílò físà bí kò bá ní ju 90 ọjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 180. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àwọn àlejò tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè EU tàbí Schengen, tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka wọn ní ẹnu ibodè. Ìlà lè gùn. Ẹ má ṣètò ohunkóhun tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀.

Oṣù Kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ló dára jù fún ìrìn ẹsẹ̀. Oòrùn oṣù Keje àti Ìkẹjọ kì í ṣe kékeré, èrò sì máa ń pọ̀ jù. Ní ìgbà òtútù, òjò máa ń sọ òkúta ojú títì di ọṣẹ. Bí ariwo kò bá sú yín, ẹ lọ ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, alẹ́ àjọ̀dún Antonio Mímọ́, ọmọ bíbí ìlú náà. Èéfín ẹja sàdíìnì yíyan á bo gbogbo Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè, wọn á máa jó dé ìdájí, owó òtẹ́ẹ̀lì náà á sì gun orí òkè.

Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún ni ọjọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ni kì í ṣí lọ́jọ́ náà, ilé àwọn mọ́ńkì ní Belém, àdúgbò tí ẹ ó lọ lọ́jọ́ kẹta, sì wà lára wọn. Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta ni èmi yóò yàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibùsùn àti bí ẹ ó ṣe wọ ìlú

Ẹ wá yàrá sí àárín ìlú, ní Baixa, Chiado tàbí ẹ̀bá gbàgede Rossio, nítorí pé ibẹ̀ ni ìrìn àwọn amọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀. Alfama lẹ́wà, àmọ́ àtẹ̀gùn ló kún ibẹ̀, ẹni tó bá wọ́ àpótí onítáyà gùn ún lóru yóò bú ara rẹ̀. Ìjọba ìlú ń gba yúrò 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ọmọ ọdún 13 sókè, títí dé alẹ́ méje. Owó yìí lè má sí nínú iye tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń gba yàrá, torí náà bí wọ́n bá bèèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò rẹ́ yín jẹ.

Pápákọ̀ òfurufú Humberto Delgado kò jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn Metro, lórí ìlà pupa. Ẹ sọ̀ ní Alameda, kí ẹ bọ́ sí ìlà àwọ̀ ewé tó ń lọ sí Cais do Sodré. Rossio àti Baixa-Chiado wà lórí ìlà yẹn. Ẹ lè fi káàdì báńkì kan ẹnu géètì, tàbí kí ẹ ra káàdì Navegante ní sẹ́ńtì 50, kí ẹ sì kó owó sínú rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Tọkọtaya kò lè lo ẹyọ kan. Bolt àti Uber náà wà.

Ihò iná wọn jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì rìbìtì, ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà àti Britain kò wọ ibẹ̀, ẹ mú adápítọ̀ dání. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu. Láti òpin oṣù Kẹta sí òpin oṣù Kẹwàá, aago wọn bá ti Nàìjíríà mu. Láwọn oṣù yòókù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Nípa bàtà, ẹ gbọ́ tèmi: kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sì ti dán an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ ó ṣe yan amọ̀nà

Ẹ ó rí àwọn tó gbé agbòòrùn aláwọ̀ mèremère dúró ní Rossio àti Chiado, tí wọ́n ń pe ìrìn wọn ní ọ̀fẹ́. Owó ọpẹ́ tí ẹ bá fún amọ̀nà ní ìparí ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má wá rìn fún wákàtí mẹ́ta tán kí ẹ yọ́ lọ. Yúrò 10 lórí ẹnì kan ni mo kà sí ohun tí ojú kò ní ti ènìyàn láti fún un. Àwọn ọ̀dọ́ amọ̀nà wọ̀nyí máa ń gbọ́n, wọ́n sì máa ń pani lẹ́rìn-ín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èrò lè tó ọgbọ̀n, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Bí owó bá wà, ẹ san ti ẹgbẹ́ kékeré, èyí tí èèyàn rẹ̀ kò ju mẹ́wàá, méjìlá lọ. Ìyẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìyá tàbí bàbá àgbàlagbà dání, tí orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí ó gba kẹ̀kẹ́ Màrúwá oníná tó kún ìlú náà báyìí. Kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń gun òkè tí ẹsẹ̀ kò fẹ́ gùn. Kí ẹ ṣáà dúnàá-dúrà kí ẹ tó gùn ún, ẹ má sì fi gbogbo ìtàn tí awakọ̀ bá sọ kọ́ ọmọ.

Fún ọjọ́ kejì, ẹ wá ìrìn tó dá lórí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Lisbon. Ọmọ Tógò kan ló dá African Lisbon Tour sílẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ẹ gba àyè ṣáájú kí ẹ tó kúrò nílé.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni yóò wà nínú ẹgbẹ́, èdè wo ni wọ́n ó sọ, ṣé owó àbáwọlé wà nínú rẹ̀, báwo ni àtẹ̀gùn ṣe pọ̀ tó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: ṣé wọ́n máa sọ̀rọ̀ òwò ẹrú? Amọ̀nà tó bá dáhùn pé ìyẹn ti pẹ́, tàbí pé àwọn Potogí tọ́jú ẹrú wọn dáadáa ju àwọn òyìnbó yòókù lọ, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá sì ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ni. Wọn kì í dúró de ẹni tó ń fi gèlè ya fọ́tò lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọjọ́ kìíní, ìlú tí wọ́n tún kọ́ àti ìlú tí kò wó

Ìrìn tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Praça do Comércio, gbàgede ńlá tó kọjú sí odò. Ẹ dúró, kí ẹ wo omi. Ààfin ọba ló wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1755. Ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni, ìjọ ti kún, wọ́n ti tan àbẹ́là sí gbogbo pẹpẹ. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ilé wíwó sá lọ sí etí odò, torí pé ibẹ̀ ni kò sí ògiri tí yóò wó lù wọ́n, omi sì ru sókè, ó gbá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni iná àbẹ́là àti iná ààrò para pọ̀, wọ́n sì jó ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ààfin lọ pẹ̀lú gbogbo ìwé inú rẹ̀. Ilé eré orin tí ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún yẹn gan-an náà lọ. Ẹ̀rù òrùlé òkúta ba Ọba José I tó bẹ́ẹ̀ tó fi kó lọ sí Ajuda, tó ń gbé inú ilé onípákó àti àgọ́.

Ẹni tó gba ìlú sílẹ̀ ni mínísítà rẹ̀, Sebastião José de Carvalho e Melo, tí a wá mọ̀ sí Marquês de Pombal. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ ní Pọ́túgàl: báwo ni ilẹ̀ ṣe mì pẹ́ tó? Ṣé omi òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni? Ilé mélòó ló wó? Àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ṣì ń ka ìdáhùn wọ̀nyẹn títí dòní. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ Baixa padà, àwọn ẹnjiníà rẹ̀ fi igi hun egungun sínú ògiri ilé, wọ́n kọ́ irú rẹ̀ kan láti fi dán an wò, wọ́n sì ní kí àwọn sọ́jà máa yan gìrìgìrì yí i ká kí wọ́n lè rí bí yóò ṣe mì. Ẹ ní kí amọ̀nà fi ilé tí egungun igi yìí ti hàn síta hàn yín, nítorí pé lára ògiri lásán, ẹ kò ní mọ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá títẹ̀ bí ọrun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ títì Rua Augusta. Àwọn títì tó wà lọ́tùn-ún lósì gún régé, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n pín sí wọn: títì wúrà, títì fàdákà, títì àwọn oníbàtà. Igun gbàgede tí ẹ ń kúrò yìí náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọba Carlos I àti àrólé rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1908. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ọba parí ní Pọ́túgàl.

Ní Rua Augusta àti Rossio, ọkùnrin kan lè rọra sún mọ́ yín, kí ó fi nǹkan hàn yín nínú àtẹ́lẹwọ́, kí ó ní òun ń ta igbó. Ewé lásán ni ó máa ń jẹ́. Ẹ sọ pé rárá, kí ẹ máa lọ, kò ní ṣe yín ní nǹkan.

Gbé ara yín gun òkè dé Carmo. Ilé ìjọsìn ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1389. Ìmìtìtì ilẹ̀ ṣí òrùlé rẹ̀, wọn kò sì bò ó mọ́; ojú ọ̀run ni àjà rẹ̀. Iwájú rẹ̀ náà ni Largo do Carmo, níbi tí Marcelo Caetano, olórí ìjọba afipáṣe, sá pamọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974. Ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan, Salgueiro Maia, kó sọ́jà àti ọkọ̀ ogun wá, àwọn ará ìlú tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń ki òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn, Caetano sì túúbá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé ogun Guinea-Bissau, Angola àti Mozambique ló ti sú àwọn sọ́jà wọ̀nyẹn. Áfíríkà ló da ìjọba Lisbon rú kí òdòdó tó dé.

Ẹ jẹun ọ̀sán, kí ẹ wá fi ìrọ̀lẹ́ rin Alfama. Apá ibẹ̀ kò wó ní 1755 bíi ti Baixa, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi rí wẹ́wẹ́, tó ń yí, tó ń pòòyì, bí àwọn Mùsùlùmí tó ni ìlú kí Ọba Afonso Henriques tó gbà á ní 1147 ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ wo kàtídírà Sé, kí ẹ gun òkè dé ibi ìwòran Portas do Sol. Ilé olódi São Jorge wà lókè sí i. Bí ìlà àbáwọlé bá gùn, mo fọwọ́ sí i kí ẹ fò ó. Ibi ìwòran Senhora do Monte ga jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa trámù 28 ofeefee. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Èrò á fún yín, àwọn olè tó ń yọ ènìyàn lápò sì mọ ọkọ̀ yẹn ju awakọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá wù yín dandan, ẹ lọ sí ìdíkọ̀ Martim Moniz ní kùtùkùtù, kí ẹ tó mu kọfí pàápàá. Ọkọ̀ tó ń fi okùn irin gun òkè ní Glória já ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èèyàn 16 sì kú. Wọ́n dá àwọn irú rẹ̀ yòókù dúró fún àyẹ̀wò lẹ́yìn náà. Ẹ béèrè èyí tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó fi í sínú ètò yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ kejì, Áfíríkà inú Lisbon

Largo de São Domingos wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rossio gan-an. Láràárọ̀, ẹ ó bá àwọn ọmọ Guinea-Bissau àtàwọn mìíràn níbẹ̀, àwọn àgbà tó jókòó tó ń ṣe fàájì, àwọn obìnrin tó tẹ́ obì àti ẹ̀pà. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ìjọ àwọn ènìyàn dúdú kan, ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rosary, wà nínú ilé ìjọsìn São Domingos tó wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì máa ń dá owó jọ láti ra àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn padà kúrò lóko ẹrú. Ẹ wọlé. Iná jó ibẹ̀ ní 1959, wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n sì fi àwọn òpó tó sán sílẹ̀ bí iná ṣe bá wọn. Níta, òkúta ìrántí kan wà fún àwọn Júù tí wọ́n pa ní 1506.

Láti ibẹ̀, amọ̀nà yóò mú yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, ibi tí Casa dos Escravos, ilé ẹrú ọba, wà nígbà kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àwọn tí ọkọ̀ ojú omi bá kó dé, tí wọ́n ń díye lé wọn, tí wọ́n sì ń gba owó orí ọba. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 1551, ẹrú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 nínú 100,000 ará ìlú. Kò sí ohun ńlá kan tí ẹ ó fi ojú rí níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ní ẹni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún 1486 ni João Afonso de Aveiro dé Ìbíní. Ọba ibẹ̀ sì rán aṣojú, baálẹ̀ Ughoton, padà sí Pọ́túgàl. Àlejò ọba ni wọ́n fi ọkùnrin yẹn ṣe, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn, ní àsìkò kan náà tí wọ́n ń ta àwọn mìíràn létí odò. Bí amọ̀nà bá so ìtàn méjèèjì pọ̀ fún yín, ẹ fún un lówó ọpẹ́ tó jọjú.

Ní ìwọ̀ oòrùn ni títì kan wà tó ń jẹ́ Rua do Poço dos Negros. Kànga àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1515, Ọba Manuel I pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn kan láti máa ju òkú àwọn ẹrú sí, torí pé ṣe ni àwọn olówó wọn ń gbé òkú wọn dànù lásán, òórùn sì ń dà ìlú láàmú. Kọfí olówó gọbọi ni wọ́n ń tà lójú títì náà báyìí. Ẹ dúró díẹ̀, kò burú bí ẹ bá gbàdúrà.

Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ sí Madragoa. Mocambo ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1593, àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú àti òmìnira, ń gbé. Láti ibẹ̀, ìrìn kékeré ló kù dé Museu Nacional de Arte Antiga ní Rua das Janelas Verdes. Ẹ wo ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe máa ń ti àwọn gbọ̀ngàn kan. Bí ó bá ṣí, ẹ wá ìkòkò iyọ̀ eyín erin tí àwọn agbẹ́gilére Ìbíní gbẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ara rẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí àwọn Potogí ṣe rí lójú wa nígbà náà: irùngbọ̀n gígùn, imú ṣóńṣó, aṣọ tó pọ̀ jù fún ooru.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì tán lè padà sí ẹ̀bá kàtídírà, sí Museu do Aljube. Ọgbà ẹ̀wọ̀n òṣèlú ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti Agostinho Neto mọ́ ibẹ̀ kí ó tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Angola.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi gbọ́ fado, orin àbáláyé ìlú Lisbon. Wọ́n á dín iná kù, olórin á dìde, gìtá méjì á máa bá a lọ. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí orin bá ń lọ, wọn kì í sì í ná owó fún olórin lórí ìjókòó. Ẹ ká ọwọ́ àríyá yín kò díẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè iye owó oúnjẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oúnjẹ, láìjẹ gbèsè

Bí ẹ bá ti jókòó ni wọ́n á gbé búrẹ́dì, ólífì àti wàràkàṣì síwájú yín. Ẹ kò béèrè fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ó sanwó rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò. Kò sí ìjà níbẹ̀. Nínú ìwé oúnjẹ, ẹ wo meia dose, ìyẹn ìdajì abọ́. Ìdajì wọn sábà máa ń yó ènìyàn kan. Lọ́sàn-án, prato do dia, ìyẹn oúnjẹ ọjọ́ náà, ni ó máa ń dín owó kù jù.

Ẹja bacalhau ni oúnjẹ wọn pàtàkì. Irú ẹja kan náà tí wọ́n ń gbẹ ní Norway, tí à ń rà lọ́jà ní Èkó ní líle bí igi, ni. Tiwọn ni wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sì rẹ sómi fún ọjọ́ bíi méjì kí wọ́n tó sè é. Ata kì í sí nínú oúnjẹ wọn tó bí ẹnu wa ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ béèrè fún piri-piri, wọ́n á gbé òróró ata wá. Fún ẹni tí oúnjẹ òyìnbó bá ti sú, cachupa àwọn ará Cape Verde, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran, á gbà á sílẹ̀. Àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè dáadáa, torí pé wọ́n ń fi í sínú ọbẹ̀ ewé lásán pàápàá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ kẹta, Belém, láìsí amọ̀nà

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Cais do Sodré, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Trámù 15 náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kún. Ẹ dé ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọba Manuel I bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1501, owó orí ata àti èròjà tó ń bọ̀ láti Éṣíà àti Áfíríkà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Inú ilé ìjọsìn jẹ́ ọ̀fẹ́: Vasco da Gama sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn erin òkúta sì ru pósí àwọn ọba lẹ́yìn. Àgbàlá àwọn mọ́ńkì ni ẹ ó sanwó fún, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ère ńlá àwọn atukọ̀ tó wà létí omi kò pẹ́ bí ẹ ṣe rò. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún ìpàtẹ ọdún 1940, wọ́n sì fi òkúta àti kọnkéré tún un kọ́ ní 1960. Àwòrán ayé tó wà nílẹ̀ iwájú rẹ̀, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ìpàtẹ 1940 yẹn kan náà, wọ́n kó ènìyàn wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n fi wọ́n ṣe ìran wò nínú ọgbà tó ń jẹ́ Jardim Botânico Tropical báyìí. Orí àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà tí wọ́n fi ṣe ère ṣì wà láàárín igi níbẹ̀. Ọgbà náà tutù, ó dákẹ́, àwọn àlejò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn Torre de Belém fún àtúnṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ṣí. Láti ìta ni ó ti wuyì jù. Ní Pastéis de Belém, tí wọ́n ti ń ta àkàrà òyìnbó ẹlẹ́yin láti 1837, ìlà méjì ló wà. Èyí tó gùn dé ojú títì ni ti àwọn tó fẹ́ gbé e lọ. Ẹ wọlé lọ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ wọ́n sínámọ́nì sí i, kí ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Ọjọ́ àtilọ

Metro kì í ṣí títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Bí bàálù yín bá yá ju ìyẹn lọ, ẹ pe ọkọ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá ra ìgò ginjinha, ọtí èso tí wọ́n ń tà ní São Domingos, ẹ kó o sínú àpótí tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ bàálù, nítorí ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ lè má kọjá ní ibi àyẹ̀wò. Ẹni tí báàgì ọwọ́ nìkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mu tirẹ̀ tán níbẹ̀, ní ìdúró, nínú ife kékeré, bí àwọn ará ìlú ṣe ń ṣe.